Àwọn Àṣẹ Ẹnà inú Kọ̀ǹpútà àti Orúkọ Wọn

Ẹnà ni ọ̀rọ̀ tí a ti pa ojú rẹ̀ dà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó mọ àṣírí rẹ̀ nìkan ni ó lè tú u. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń lò láti dáàbò bo lẹ́tà, owó àti ìwé àṣírí tí ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ gidigidi nínú àwọn ẹnà kọ̀ǹpútà ni AES. Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó ṣe é. Ìjọba Amẹ́ríkà sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọdún 2001. Báìtì 16 ni ó ń mú lẹ́ẹ̀kan, a ó sì fi kọ́kọ́rọ́ pò ó pọ̀ nígbà 10, 12 tàbí 14, gẹ́gẹ́ bí kọ́kọ́rọ́ náà bá ti gùn tó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà a máa to ìdáhùn ìṣirò sílẹ̀ bí àtẹ, kí iṣẹ́ lè yá. Ṣùgbọ́n wíwo àtẹ yìí kì í gba àkókò kan náà nígbà gbogbo. Ní ọdún 2005, Daniel J. Bernstein fi hàn pé ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wọn àkókò náà lè ti ibẹ̀ mọ kọ́kọ́rọ́. Ní ọdún 2008, ilé iṣẹ́ Intel kéde àṣẹ tuntun mẹ́fà tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà yóò máa ṣe fúnra rẹ̀, láìwo àtẹ kankan. Mẹ́rin wà fún pípa ọ̀rọ̀ dà àti títú u, méjì sì wà fún títọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ọdún 2010 ni àwọn ọpọlọ àkọ́kọ́ ti Intel tí ó ní àṣẹ wọ̀nyí dé ọjà.

Ṣùgbọ́n kí ọpọlọ mọ iṣẹ́ kan ṣe jẹ́ ọ̀tọ̀, kí ènìyàn rí ọ̀nà bá a sọ ọ́ jẹ́ ọ̀tọ̀. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà kò gbọ́ orúkọ. Nọ́ńbà nìkan ni ó gbọ́. Ètò tí à ń pè ní assembler ni ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Bí ènìyàn bá kọ AESENC, orúkọ àṣẹ tí ń pa ọ̀rọ̀ dà, assembler lè sọ ọ́ di báìtì márùn-ún yìí: 66 0F 38 DC C2. Mẹ́rin ìṣáájú ń sọ iṣẹ́ tí a fẹ́; ìkarùn-ún ń sọ pé ọ̀rọ̀ wà nínú àpò xmm0, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò xmm2. Assembler tí a ṣe kí àṣẹ náà tó wáyé yóò kọ̀ jálẹ̀, yóò ní òun kò mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn tí ń ṣe assembler sùn. Ní ọdún 2008 kan náà ni wọ́n ti kọ́ GNU assembler ní àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tuntun kì í dé ilé gbogbo lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣì ń lo ti àtijọ́. Nítorí tiwọn, nígbà tí àwọn tí ń kọ Linux fi iṣẹ́ AES yìí kún un ní ọdún 2009, nọ́ńbà gan-an ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ àṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí àlàyé lásán.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Bí ọwọ́ bá ṣì, tí a kọ DE sí ipò DC, àṣẹ títú ẹnà ni a kọ yẹn. Bí a bá sì kọ C3 sí ipò C2, inú àpò mìíràn ni ọpọlọ yóò ti lọ mú kọ́kọ́rọ́. Assembler kò ní sọ̀rọ̀, nítorí kì í yẹ nọ́ńbà tí a bá dì fún un wò. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣi orúkọ kọ, yóò kígbe lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àṣẹ mìíràn ni a kọ, ojú ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ náà wò lè rí i.

Kí ọdún 2009 tó parí, àwọn oníṣẹ́ Linux ti wá ọgbọ́n sí i. Wọ́n kọ ìlànà kúkúrú tí ń gba orúkọ, tí ń ti inú rẹ̀ ṣírò nọ́ńbà, kí assembler àtijọ́ náà lè bá wọn ṣiṣẹ́. Ìlànà yìí ni wọ́n lò títí di ọdún 2020. Nígbà náà, assembler tí ó kéré jù lọ tí Linux ń gbà ti mọ gbogbo orúkọ náà, wọ́n sì yọ ìlànà ọ̀hún kúrò.

Ọdún méjìlá ni ó wà láàárín ìgbà tí ògbufọ̀ kọ́ orúkọ àti ìgbà tí ó tó kí gbogbo iṣẹ́ náà gbẹ́kẹ̀ lé e. Nítorí náà, kì í ṣe ọjọ́ tí a ta ọpọlọ tuntun ni ààbò rẹ̀ pé. Ẹni tí ó ṣe ọpọlọ ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tí ó kọ́ assembler ní orúkọ ní tirẹ̀. Ẹni tí ó sì ń lo assembler àtijọ́ láìpààrọ̀ rẹ̀ ń dá àwọn méjèèjì dúró.