Ta ló ni Èkó? Ẹ kọ́kọ́ bi abọ́ oúnjẹ yín léèrè ná!

Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù l'Ékòó, ìbáà jẹ́ ní Muṣin, Ṣómólú tàbí Ajégúnlẹ̀, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ òórùn ata gbígbẹ tí wọ́n ti dín nínú epo pupa. Ẹ̀wà Àgànyìn ti dé nìyẹn. Mẹkáníìkì ń dúró dè é, akọ̀wé báǹkì ń dúró dè é, ọmọ iléèwé náà gbé abọ́ dání. Tí wọ́n bá ti bu ẹ̀wà tán, wọ́n á da ata dúdú yẹn lé e lórí, búrẹ́dì Agége á tẹ̀ lé e, ó parí! Ẹ bi ẹni tó ń jẹ ẹ́ pé oúnjẹ ibo nìyẹn, kíá ló máa dá yín lóhùn pé oúnjẹ Èkó ni.

Kò purọ́ o, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Àwọn tó ti Tógò, Benin àti Gánà wá làwọn ará Èkó ń pè ní Àgànyìn. Obìnrin wọn ló ń ru ìkòkò ẹ̀wà kiri àdúgbò, tí gbogbo ìlú fi pe oúnjẹ náà mọ́ wọn lórúkọ. Búrẹ́dì ńkọ́? Ọmọ Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Amos Shackleford wà lára àwọn tó sọ búrẹ́dì di òwò ńlá l'Ékòó. Iṣẹ́ rélùwéè ló bá wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1913, nígbà tó sì di ọdún 1921, ó dá ilé búrẹ́dì tiẹ̀ sílẹ̀, títí táwọn èèyàn fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Ẹ ò rí nǹkan! Abọ́ kan ṣoṣo, Àgànyìn wà níbẹ̀, ará Jàmáíkà wà níbẹ̀, ọmọ Èkó ló wáá ń lá ọwọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì ò jìnnà. Lásìkò ìbò gómìnà ọdún 2023, 'ta ló ni Èkó' lọ̀rọ̀ tó gbòde kan. Aládùúgbò tí wọ́n jọ ń pọnmi nínú kànga kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn bí ológbò àti eku. Nínú bọ́ọ̀sì, lọ́jà, lórí fóònù, èébú ṣáá ni. Ìbò ti lọ, àmọ́ ojú ọgbẹ́ náà ò tíì jinná lára àwọn kan.

Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá bú Hausa láàárọ̀, ẹ wá a lọ sí Ọbáléńdé lálẹ́, ẹ máa bá a nídìí súyà, tó ń bẹ mọ́là pé kó fi ata àti àlùbọ́sà sí i. Ẹni tó ní òun ò fẹ́ àlejò, tó bá débi ìnáwó, ráìsì jọ̀lọ́ọ̀fù ló kọ́kọ́ máa béèrè, orúkọ àwọn Wolof ilẹ̀ Senegal ló sì wà lára oúnjẹ ọ̀hún.

Ẹ tún dé Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́jọ́ Gúùdù Fúráídè, fùrèjọ̀nù lẹ máa bá lórí iná. Wọ́n á se ẹ̀wà, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fi omi tí wọ́n fún lára àgbọn sè é títí tó fi máa ki, ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n sì máa fi jẹ ẹ́. Ẹ̀wà lèdè Potogí ń pè ní 'feijão', ibẹ̀ lorúkọ oúnjẹ náà ti wá. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, àtàwọn ọmọ wọn tó padà wálé, ló gbé e bọ̀. Ẹrú ni wọ́n kó lọ, ọbẹ̀ ni wọ́n gbé dé.

Ká wáá bọ́ sórí aṣọ. Àǹkárá tá a ń pè ní aṣọ ìbílẹ̀ yìí, bàtíìkì àwọn ará Java ní Indonesia làwọn òyìnbó ilẹ̀ Netherlands wò, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ṣe é. Ilé-iṣẹ́ Vlisco tó ń ṣe é ti wà láti ọdún 1846. Léèsì olówó ńlá tí wọ́n fi ń yangàn lóde ìnáwó, Austria lọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá látìgbà ọdún 1960 síwájú. Tiwa náà sì ń lọ sọ́dọ̀ wọn o. Ìyàwó ilé tó jẹ́ Íbò ń wé gèlè tó ga fíofío, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń sanwó aṣọ ẹbí, orúkọ Yorùbá yẹn náà ni wọ́n sì ń pè é.

Kò sẹ́ni tó ní kí Èkó má lólówó orí o. Ìlú ò sí láìní onílùú, àwọn Àwórì àtàwọn Ìdẹ́jọ tó ni ilẹ̀ ò sì sá lọ síbì kankan. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé àṣà Yorùbá lè parẹ́, ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe lásán. Àmọ́ ta ló ń pa á? Ṣé Àgànyìn tó ń ta ẹ̀wà ni, àbí bàbá àti ìyá tó jẹ́ Yorùbá paraku, tó ní kí ọmọ òun má sọ fánákúlà nínú ilé? Lọ́dún 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin pé dandan ni kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá níléèwé, ìbáà jẹ́ tìjọba tàbí ti aládàáni. Kí ni òfin fẹ́ ṣe sí i, tí ọmọ bá délé tó jẹ́ Òyìnbó ni wọ́n fi ń kí i káàbọ̀? Aládùúgbò Íbò kọ́ ló gba èdè lẹ́nu ọmọ yẹn.

Ẹ sì rántí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi táwọn ọmọ Yorùbá ti ń ta èlùbọ́, iṣu àti ata rodo láàárín ìgboro òyìnbó. Àlejò làwa náà níbẹ̀, ohun tá ò sì fẹ́ kí wọ́n fi ojú wa rí níbẹ̀, kò yẹ ká fi ojú ẹlòmíì rí i níbí.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Àmọ́ kò sí odò tó di ńlá, tí odò kéékèèké ò ṣàn wọnú ẹ̀.