Iléyá Ń Bọ̀: Màlúù Wo Ni Ká Tà, Èwo Ni Ká Dá Sí?

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́ nílùú Ìwó, màlúù a máa gbówó lórí. Ènìyàn méje lè pawọ́ pọ̀ ra ẹyọ kan fún ọdún náà, nítorí náà àwọn oníbàárà kì í wọ́n. Àsìkò yìí gan-an ni olówó ẹran máa ń ṣe ìpinnu tí agbo rẹ̀ yóò jẹ èrè rẹ̀, tàbí ìyà rẹ̀, fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin.

Mo bá ẹ̀gbọ́n màmá mi yí agbo rẹ̀ ká. Ó fẹ́ ta méjì nínú màlúù mọ́kànlá, kó lè san owó ilé-ìwé. Àkọ́bí rẹ̀ nawọ́ sí abo kan tí egungun ìhà rẹ̀ hàn: “Bàbá, ẹ jẹ́ kí èyí lọ.”

Bàbá mi orí. “Ọmọ tó ń fún lọ́mú ló jẹ́ kó rù. Èyí tó ń dán yẹn ńkọ́? Ọdún kejì rèé tí kò lóyún.” Èyí tó ń dán ni wọ́n tà, pẹ̀lú ẹgbọ̀rọ̀ akọ kan.

Ọ̀rọ̀ Bàbá mọ́gbọ́n dání. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni màlúù fi ń lóyún. Abo tó ń bímọ déédéé, tó sì ń tọ́ ọmọ yè, ṣòro kó sanra lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn. Àgàn ń jẹko fún ara rẹ̀ nìkan. Kò fọ́jú, kò yarọ, kò rù. Ó yẹ fún Iléyá. Akọ tó bá ti pé ọdún méjì náà yẹ, nítorí akọ kan tó péye tó fún ogún abo.

Ẹ wo ẹnu pẹ̀lú. Eyín iwájú mẹ́jọ péré ni màlúù ní, ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá ti jẹ kù, kò ní lè jẹko dáadáa mọ́. Kí ẹ tó ta abo kankan, ẹ pe dókítà ẹran kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé ìpẹran wa pé wọ́n á la ikùn abo, wọ́n á bá ọmọ níbẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìhà gúúsù fẹnu kò ní Asaba pé kí dída ẹran jẹ̀ káàkiri dópin. Nínú ọgbà, koríko níye. Màlúù tí kò bímọ ń jẹ oúnjẹ èyí tó ń bí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti ra màlúù, ẹ má kàn béèrè èyí tó sanra. Ẹ béèrè ìgbà tí abo kọ̀ọ̀kan bímọ kẹ́yìn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.