Ẹ jẹ́ ká mọ̀: IPv4 àti IPv6

Kò sí fóònù tó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì láìní àdírẹ́sì. Oríṣi méjì ni a ń lò: IPv4 àti IPv6. IPv4, tí ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 1981, kò lè pèsè ju nǹkan bíi àdírẹ́sì bílíọ̀nù 4.3 lọ, bẹ́ẹ̀ àwa èèyàn ayé ti ju bílíọ̀nù 8 lọ! Ní oṣù Kejì ọdún 2011, IANA, àjọ tó ń pín àdírẹ́sì wọ̀nyí, pín ìwọ̀nba IPv4 tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fóònù fi ń pín àdírẹ́sì kan ṣoṣo lò lónìí.

IPv6 ni wọ́n ṣe láti yanjú àìtó yìí: bíìtì (ìyẹn 0 tàbí 1) 128 ni àdírẹ́sì rẹ̀ ní, 32 péré ni ti IPv4. Kì í ṣe eré sísá ló fi jù ú lọ o, àyè ni. Àmọ́ wọn kì í gbọ́ ara wọn ní tààrà, ló fi jẹ́ pé a ṣì ń lo méjèèjì pọ̀.

Ẹ wo ètò fóònù yín: àdírẹ́sì tó ní àmì (.) ni IPv4, èyí tó ní (:) ni IPv6.