Ta Ní Ń Kọ́ Tíṣà Abúlé?

Ẹ̀yin ìyá wa ní Olúpọ̀nnà, ẹ má bẹ̀rù pé ọmọ tí tíṣà ń fi Yorùbá kọ́ yóò rẹ̀yìn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n sì kọ́ àwọn tíṣà láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀. Nígbà ìdánwò, àwọn ọmọ náà ta ẹgbẹ́ wọn yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì. Owó àlejò a máa tán. Ìmọ̀ tíṣà kì í tán. Ní ìpàdé òbí, ẹ bèèrè: ta ló ń kọ́ àwọn tíṣà wa?