Ìgbálẹ̀, Ẹgbẹ́ àti Ìdánwò: Ìgbésí Ayé Àwọn Ọ̀dọ́ ní Ilẹ̀ Jàpáànì

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀la orílẹ̀-èdè kan yóò ti rí, kí ó má wulẹ̀ ka iye ilé gíga tí ó wà níbẹ̀. Kí ó wo ohun tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi ọwọ́ wọn ṣe láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Àwa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ ilẹ̀ Jàpáànì nípa ọkọ̀ Toyota tí ń gbé wa lọ sí ọjà àti alùpùpù Honda tí ń gba ọ̀nà oko kọjá. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó mọ irú ọmọ tí ń dàgbà di ẹni tí ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ wa àti gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè jẹ lógún mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ìkìlọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

ỌWỌ́ ỌMỌDÉ LÓRÍ ILẸ̀ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Ní ọdún 1872 ni ìjọba Jàpáànì ṣe òfin pé kí a dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún tọkùnrin tobìnrin jákèjádò ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn tí ogun àgbáyé kejì ti sọ ọ̀pọ̀ ìlú wọn di eérú, wọ́n ṣe òfin ẹ̀kọ́ titun ní 1947: ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án di ọ̀ranyàn, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò sì gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ òbí ní gbogbo ọdún náà. Ọdún mẹ́fà ni ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ti sẹ́kọ́ńdírì kékeré, mẹ́ta ti sẹ́kọ́ńdírì àgbà, mẹ́rin ti yunifásítì. Irú ìṣirò 6-3-3-4 kan náà ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 1982.

Oṣù kẹrin ni ọdún ilé-ẹ̀kọ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òtútù ti ń lọ tí igi sakura sì ń tanná. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn ọmọ a kó ara wọn jọ, wọn a fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀gbọ́n a ṣáájú, àbúrò a tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, wọn a bọ́ bàtà ìta, wọn a sì wọ ti inú ilé. Ní ọ̀sán, àwọn tí iṣẹ́ kàn a wọ aṣọ funfun, wọn a bo orí wọn, wọn a sì bu oúnjẹ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Olùkọ́ pàápàá a jókòó ti àwọn ọmọ, oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn sì ń jẹ.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Gbogbo ọmọ a mú ọwọ̀ àti àkísà. Àwọn kan a máa gbálẹ̀, àwọn kan a kúnlẹ̀ máa fi àkísà tútù nu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn mìíràn a máa fọ ibi tí a ti ń fọ ọwọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ tí a fi ń jẹ wọ́n níyà. Ohun tí a fẹ́ kí ọmọ mọ̀ ni pé ẹni tí ó bá lo ibì kan ni ó ni ìtọ́jú rẹ̀. Ọwọ̀ ni ó ń kọ́ wọn ní ọ̀wọ̀.

Ẹ wo èso rẹ̀. Ní 2014, nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ìlú Recife, ní ilẹ̀ Bàràsílì, Ivory Coast fi góòlù méjì sí ẹyọ kan borí Jàpáànì. Ìṣubú náà dun àwọn ará Jàpáànì, ṣùgbọ́n nígbà tí eré parí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹwòran wọn yọ àpò jáde, wọ́n sì ṣa ìdọ̀tí ìdí àga wọn kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá tí ó pa á láṣẹ fún wọn. Ọwọ́ tí ó ti ń gbálẹ̀ láti kékeré kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

ẸGBẸ́ LẸ́YÌN Ẹ̀KỌ́

Bí agogo ìparí ẹ̀kọ́ bá lù, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kì í tíì lọ sílé. Wọn a lọ sí ẹgbẹ́ tí wọ́n yàn: ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ti ìjàkadì judo, ti ìjà onídà ọparun tí wọ́n ń pè ní kendo, ti fèrè àti ìlù, tàbí ti àwọn tí ń fi gègé onírun kọ̀wé kí ó lẹ́wà. Nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí, ẹni tí ó kọ́kọ́ wọlé ni senpai, ẹni tí ó wọlé lẹ́yìn ni kohai. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ipò ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò kò ní béèrè ìtumọ̀ púpọ̀. Kohai a máa kí ni, a sì máa gbé ẹrù. Senpai a máa kọ́ ni, a sì máa dáàbò bo ni.

Eré kan tí ó gba ọkàn wọn púpọ̀ ni baseball, nínú èyí tí ènìyàn ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù tí alátakò jù sí i. Ní 1915 ni ìdíje eré yìí bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo ilẹ̀ náà, láti 1924 ni wọ́n sì ti ń ṣe é ní pápá Koshien, ní ìlú Nishinomiya. Ní oṣù kẹjọ, ilé-ẹ̀kọ́ 49 ni ó ń pàdé níbẹ̀. Èyí tí a bá borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti kógbá sílé. Àwọn ọmọ tí a borí a kúnlẹ̀ nínú omijé, wọn a sì fi ọwọ́ bu erùpẹ̀ pápá náà sínú àpò lọ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ pápá náà mọ́ láyé wọn. Erùpẹ̀ yẹn ni yóò máa rán wọn létí ìgbà èwe.

Shohei Ohtani, tí a bí ní 1994 ní ẹkùn Iwate, ti inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde. Nígbà tí ó wà ní sẹ́kọ́ńdírì àgbà, ó pín ojú ìwé kan sí ihò 81, ó sì kọ àfojúsùn rẹ̀ sí àárín, pé kí ẹgbẹ́ ńlá mẹ́jọ máa du òun. Yí i ká ni ó kọ ohun tí yóò ṣe kí ó tó lè dé ibẹ̀: agbára ara, bọ́ọ̀lù jíjù, ìfọkànbalẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún kọ ìwé kíkà síbẹ̀, àti kíkí ènìyàn, àti ṣíṣa ìdọ̀tí, àti ìwà tí ó tọ́ sí adájọ́ eré. Ní 2018 ó lọ sí Amẹ́ríkà, òkìkí rẹ̀ sì kàn ká gbogbo ayé.

Ìgbádùn wọn kò mọ sí eré ìdárayá nìkan. Ìwé ìtàn aláwòrán, tí wọ́n ń pè ní manga, wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Osamu Tezuka (1928–1989), ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ṣùgbọ́n tí ó yan àwòrán, bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọmọkùnrin onírin kan ní 1952. Ní 1963 ìtàn náà dé orí tẹlifíṣọ̀n, láti ìgbà náà wá sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń lálàá pé àwọn yóò di ayàwòrán. Àwọn mìíràn ń díje nínú eré káàdì tí a gbé ka orí ewì ọgọ́rùn-ún ti akéwì ọgọ́rùn-ún, èyí tí a ti kó jọ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Bí òǹkàwé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ka ìbẹ̀rẹ̀ ewì, ọwọ́ ọmọ tí ó mọ ewì náà lórí ti gbá káàdì tí ìparí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni shogi, eré ọgbọ́n àtijọ́ tí a ń ṣe lórí pátákó, níbi tí oníkálukú ti ń wá bí yóò ti mú ọba alátakò rẹ̀. Sota Fujii, tí a bí ní 2002, di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú rẹ̀ ní 2016, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ní 2023, gbogbo oyè ńlá mẹ́jọ eré náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun àtijọ́ wọn kò di ohun ìtìjú lójú ọmọdé. Inú rẹ̀ ni ó ti ń wá òkìkí.

ẸRÙ TÍ Ń WỌ ỌRÙN

Bí ó ti wù kí ó rí, ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá túká, ọ̀pọ̀ ọmọ tún ń lọ sí juku, ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ tí òbí ń sanwó rẹ̀ nítorí ìdánwò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, àwọn tí iye wọn sún mọ́ 500,000 ń ṣe ìdánwò àjùmọ̀ṣe ti yunifásítì láàárín ọjọ́ méjì. Kí ọjọ́ náà tó pé, ọ̀pọ̀ a lọ sí ojúbọ Michizane Sugawara, ọ̀mọ̀wé tí ó kú ní 903. Àwọn ènìyàn ìgbà náà gbà pé ìbínú rẹ̀ ni ó ń sán ààrá lu ààfin lẹ́yìn ikú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti gbà nípa Ṣàngó. Lónìí òun ni òrìṣà ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ a kọ ẹ̀bẹ̀ wọn sára wàláà igi, wọn a sì so ó kọ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá yege, tí ó sì ń múra de ọdún tí ń bọ̀, ronin ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe orúkọ jagunjagun aláìlólúwa láyé àtijọ́.

Kì í ṣe gbogbo èjìká ni ó lè gba irú ẹrù yìí. Ní ọdún ilé-ẹ̀kọ́ 2023, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdírì kékeré tí ó lé ní 340,000 ni ó pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ fún ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kì í ṣe nítorí àìsàn tàbí àìlówó. Ẹgbẹ́ tí ó ń gbé ọmọ ró ni ó tún lè di okùn sí i lọ́rùn bí ìṣe rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Àwọn olùkọ́ pẹ̀lú ń kérora, nítorí àwọn ni ó ń dúró ti ẹgbẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ọjọ́ ìsinmi. Láti 2023 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹgbẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ti sẹ́kọ́ńdírì kékeré kúrò lọ́rùn wọn, ó ń fà á lé àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́.

OHUN TÍ WỌ́N Ń RETÍ

Ní 2016 ni ọmọ ọdún méjìdínlógún kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ní 2022 òfin kà á sí àgbàlagbà. Ẹni tí ó bá ń parí yunifásítì a wọ kóòtù dúdú, a sì wá iṣẹ́ kiri pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí gbogbo wọn lè wọlé iṣẹ́ ní oṣù kẹrin. Láyé àwọn baba wọn, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá wọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní ìgbà èwe a dàgbà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn wó lulẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde kò rí iṣẹ́ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìtàn yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ òní gbọ́ dàgbà.

Ohun mìíràn tún wà. Ní 1949, ọmọ tí a bí ní Jàpáànì lé ní 2,690,000. Ní 2024, wọn kò pé 700,000. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, a ti ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ pa, nítorí pé kò sí ọmọ tí yóò máa gbálẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: ọmọ pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ààyè ilé-ẹ̀kọ́ ni kò tó. Nítorí náà, kì í ṣe ohun gbogbo ni a ó gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí á gba ọwọ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ilẹ̀ gbígbá má jẹ́ ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, bí kò ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó ni ilé. Ẹ jẹ́ kí á gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti ń kọ́ àbúrò, tí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò sì di ohun ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n kí á má jẹ́ kí ìdánwò kan ṣoṣo di òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn ọmọ ènìyàn. Àwọn baba wa ti wí i: bí a bá fi ọwọ́ kan bá ọmọ wí, ọwọ́ kejì ni a fi ń fà á mọ́ra.