Adìẹ Mẹ́fà Lẹ́yìnkùlé, Nínú Ọyẹ́ Jos

Ní ọdún tí a kọ́kọ́ sin adìẹ nílé wa ní Jos, mẹ́fà péré ni a fi bẹ̀rẹ̀: àgbébọ̀ márùn-ún àti àkùkọ kan. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi sọ gbogbo wọn lórúkọ. Èyí tí ó pupa, tí ó máa ń pariwo kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé òun ti yé ẹyin, ni wọ́n ń pè ní Ìyá Alákàrà. Ní òru ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gidigidi, Ìyá Alákàrà sọ apá kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọrùn rẹ̀ sì ń lọ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni èyí tí ó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí lọ́kàn: ẹ mú ọ̀bẹ wá, kí a dú u kí ó tó di òkú-ǹbete.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ yìí gan-an ló mú mi kọ̀wé. Òótọ́ ni pé òkú-ǹbete jẹ́ èèwọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n pé a dárúkọ Ọlọ́hun sí ẹran nígbà tí a dú u kò ní kí àrùn ara rẹ̀ kúrò. Ní oṣù kejì ọdún 2006, a fìdí àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí bird flu, múlẹ̀ ní oko adìẹ kan ní Jaji, ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú àrùn H5N1 náà yóò hàn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, ó pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Èkó. Ẹni tí ó dú adìẹ, tí ó hú ìyẹ́ rẹ̀, tí ó fọ ìfun rẹ̀, ni ó súnmọ́ àrùn jù, àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ wa ni iṣẹ́ yìí sì sábà máa ń já lé lọ́wọ́. Nítorí náà, adìẹ tí ó ń ṣàìsàn kì í ṣe ẹran ọbẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ pe dókítà ẹran. Bí ó bá kú, ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnà.

Ohun tí ó pa Ìyá Alákàrà kí ilẹ̀ tó mọ́ kì í ṣe èyí. Lúkúlúkú ni, àrùn tí ó máa ń bá ọyẹ́ wọlé, tí adìẹ fi ń ya ìgbẹ́ tútù bí ewé, tí ọrùn rẹ̀ fi ń lọ́. Mẹ́ta sí i tẹ̀lé e kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Kò sí oògùn tí ń wò ó. Àjẹsára nìkan ni ààbò. Àwa ará Jos ni kò sì ní àwáwí rárá, nítorí pé Vom kò jìnnà sí wa, níbi tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣèwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn, National Veterinary Research Institute, ti wà láti ọdún 1924. Àjẹsára lúkúlúkú wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ojú òròmọdìẹ ọjọ́ kan ni a ń kán an sí. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó fi òmíràn sínú omi tí wọn yóò mu. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a ó gún wọn ní abẹ́rẹ́. Inú òtútù ni kí a ti gbé e délé, nínú fúláàsì tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti da oògùn apakòkòrò sí pò ó, nítorí yóò ba àjẹsára náà jẹ́.

Òtútù Jos tún jẹ́ ìṣòro mìíràn. Ìlú wa ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà, òròmọdìẹ kò sì lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ibùsùn wọn ní láti gbóná tó ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dúró: bí wọ́n bá kó jọ gègèrè, òtútù ń mú wọn, bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná, ooru ti pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ ìkòkò èédú ni ẹ lò, ẹ má ṣe sé ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, nítorí èéfín rẹ̀ a máa pa òròmọdìẹ, a sì máa pa ènìyàn.

Ní ti ilé wọn, mítà méjì níbùú, méjì lóòró, tó adìẹ mẹ́fà dáadáa. Ẹ fi wáyà yí i ká nítorí àṣá àti ológbò, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìyẹ̀ pákó tí ẹ tẹ́ sílẹ̀, kí òórùn má baà di ìpalára fún aládùúgbò, ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn wa. Àgbàdo àti èérí nìkan kò tó oúnjẹ fún àgbébọ̀ tí ń yé. Ẹ ra oúnjẹ adìẹ kún un. Kí àwọn ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá bá wọn ṣeré.

Ohun kan dà wá láàmú nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀. Ìgò àjẹsára tí ó kéré jù tó fún ọ̀pọ̀ adìẹ, bí a bá sì ti pò ó, kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Kí ni ẹni tí ó ní mẹ́fà yóò ṣe? Ìyá àwọn ọmọ wa ló rí ọgbọ́n ta sí i. Ó bá àwọn aládùúgbò wa sọ̀rọ̀, ilé mẹ́rin dá owó jọ, a sì mú ọjọ́ Sátidé kan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Kìrìsìtẹ́nì kan gbé adìẹ tirẹ̀ wá sínú àgò, ọ̀rẹ́ wa Haúsá kan kó mọ́kànlá wá, àwọn ọmọ wa sì ń sọ èyí tí kò tíì ní orúkọ lórúkọ bí a ti ń fún wọn ní àjẹsára lọ́kọ̀ọ̀kan.