Bí ọmọ bá ń fomi ṣeré, ẹ má tètè nà án!

Ìyá wo lọ́jà ni kò mọ̀ ọ́n? Ó gbé ọmọ ọdún mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, ó ní kóun dá oníbàárà lóhùn. Kó tó ka ṣéńjì tán, ọmọ ti dé ìdí bàsíà omi. Ó ń bù ú, ó ń dà á, aṣọ rẹ̀ ti rin gbindingbindin. Igbe ni yóò kọ́kọ́ ta: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọ́n rán ọ sí mi ni?" Kó tó wí tán, ìgbájú ti dún.

Ẹ ní sùúrù ná, ẹ̀yin abiyamọ. Ẹ̀kọ́ ni ọmọ yẹn ń kọ́.

Ó fi ife bu omi sínú agolo, ó rí i pé ife mẹ́ta ló kún un. Ìṣirò nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé iléèwé. Ó ju òkúta wẹ́wẹ́ sómi, ó rì. Ó ju pákó tó tóbi ju òkúta lọ, ó léfòó. Ẹnu yà á, ó tún un ṣe. Bó ṣe ń fún àkísà, tó ń fi àrọ rọ omi sínú ìgò, ọwọ́ rẹ̀ ń le. Ọwọ́ náà ni yóò fi di bírò mú lọ́la, tàbí abẹ́rẹ́ télọ̀, tàbí sípánà mẹkáníìkì. Bí ìyá bá sì ń bá a sọ ọ́ pé, "Ó kún, ó ń jò, ó ṣẹ́kù díẹ̀," èdè ló ń fi sí i lẹ́nu.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Switzerland kan, Jean Piaget, tó kú ní 1980, fi omi wo làákàyè ọmọdé. Ife méjì tó dọ́gba, omi inú wọn dọ́gba. Lójú ọmọ ló ṣe da ọ̀kan sínú ife tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì tó ọdún 7 ló ní ti inú ife gíga ló pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀, omi kan náà ni! Bí ọmọ bá ń dà á síbí, tó ń dà á sọ́hùn-ún, díẹ̀díẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń là sí i. Ẹni tó ń ra epo lọ́jà mọ̀ pé ọgbọ́n yìí wúlò.

Àmọ́ o, omi tó ń kọ́ni náà ló ń pani. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn ọmọ ọdún 1 sí 4 ni ewu ikú omi pọ̀ jù fún. Omi inú garawa kan ṣoṣo tó ó pa ọmọ, kò sì ní pariwo. Nítorí náà, ìdí ìsọ̀ kọ́ ni ibi eré yìí, torí ojú ìyá kò sí níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ló dára, nígbà tí ìyá bá ń fọ abọ́ nílé. Kó bu omi díẹ̀ sínú abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀, kó fún ọmọ ní ife àti agolo tí etí rẹ̀ kò mú. Kó jókòó tì í, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o. Bí eré bá parí, kó da omi náà sídìí ewúro, kó sì dé kànga àti dúrọ́ọ̀mù pa.

Kò ná an ní kọ́bọ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.